Wàrà Kì Í Yọ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀: Yorùbá ni mí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, lápá ibi tí Faransé ti jọba, tí wọ́n ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, ìlú wa sì ti ní ọba tó ń dé adé kí ẹnikẹ́ni tó pàgọ́ ogun sí Ìbàdàn. Mo ní láti kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí fún odidi ọdún méjì tí mo fi dáná nínú ilé kan ní Bódìjà, Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò fi bú mi o. Bí ènìyàn ṣe ń pe abọ́ ní abọ́ náà ni, láìsí ìbínú, láìsí ìrònú. "Àgànyìn, omi." "Àgànyìn, ìrẹsì yẹn ń jóná o." Àwọn ará Tógò àti Gánà tí wọ́n ń jẹ́ Àgànyìn gan-an, mi ò gbọ́ èdè wọn, mi ò dé ìlú wọn rí. Ṣùgbọ́n mo ti òdìkejì ibodè wá, ohùn Kétu sì wà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Mọ́mì ló ni ilé náà. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní Amẹ́ríkà. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ìkà. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló po ògì fún mi mu. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Àpáta tó bá mi wá iṣẹ́ ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ní, "Mọ́mì, Àgànyìn tí mo sọ nìyí," Mọ́mì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò béèrè ju bóyá mo mọ oúnjẹ sè lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu n'Ìbàdàn kì í ṣe ilé, kì í ṣe mọ́tò. Èdè ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ Mọ́mì jókòó sí pálọ̀, ó ní, "Àwọn visitors yẹn máa dé by four, so tètè clear table, then kí o on fáànù." Mo dúró, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo gbọ́ "àwọn", mo gbọ́ "tètè". Ìyókù gba orí mi kọjá. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé, ibo ni mo ti fẹ́ rí Gẹ̀ẹ́sì? Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò wa lórí fẹ́ǹsì pé, "Àgànyìn tí wọ́n mú wá fún mi yìí ò gbọ́ Yorùbá o." Èmi! Èmi tí bàbá mi ń fi òwe bá wí ju kó fi pàṣán nà mí lọ! Mo wọ kíṣíìnì lọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Bódìjà dákẹ́ jù fún mi. Ní Kétu, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, gbogbo ayé á gbé àpótí jókòó síta, ẹni tó ń kọjá á kí ọ, á béèrè ẹni tó bí ọ. Ní Bódìjà, géètì ló máa ń kí ènìyàn. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo máa ń lọ sí Agbowó, kí n kàn rìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwájú Yunifásítì, kí èjìká mi lè kan èjìká ènìyàn. Mi ò ra nǹkan kan. Bí mo bá ti lanu báyìí, owó ọjà á gòkè.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀ láti pe ìyá mi. Kò sí tẹlifóònù nílé wa. Ìyá mi ló máa ń lọ jókòó sí ilé àbúrò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, láti àárọ̀ títí ìpè mi á fi wọlé. Èmi náà á tò sórí ìlà, títí wọ́n á fi ní kí n wọ inú àpótí onígíláàsì kan tó ń run òógùn gbogbo àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ṣáájú mi.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?" ni ìyá mi béèrè lọ́jọ́ kan.

"Èmi gan-an ló ń sè é, Màámi."

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

Mi ò mọ ohun tó gbé ìbéèrè yẹn sí i lọ́kàn. Mo ní, "Orúkọ mi náà ni."

"Èyí tí bàbá rẹ sọ ọ́?"

"Òun náà ni, Màámi."

Ó wá pè é, ketekete. "Ọmọ mi" ló sábà máa ń pè mí, nítorí náà ó ti pẹ́ tí etí mi ti gbọ́ orúkọ yẹn. Mi ò mọ̀ pé àárò rẹ̀ ti ń sọ mí tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ní kó tún un pè, wọ́n ní àkókò mi ti tó.

Mo parọ́ fún ìyá mi. Obìnrin tó gbé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tó ka gbogbo orúkọ tí àgbà dá sórí mi, tí kò gbàgbé ọ̀kan, òun ni mo wo ojú tẹlifóònù, tí mo purọ́ fún. Inú bí mi sí Mọ́mì, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnu ta ló ń dáhùn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe Àgànyìn? Nínú mọ́tò tó ń padà sí Bódìjà, mo bá ara mi ṣe àdéhùn. Kí n tó tún wọ inú gíláàsì yẹn lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ mi gbọ́dọ̀ ti dún nínú ilé Mọ́mì. Bí kò bá dún, màá di ẹrù mi, màá gba Kétu lọ. Mi ò ní pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ọ̀wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo lórúkọ o."

"Ta ló ní o ò lórúkọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ti àtẹ ẹ̀wà sọ́dọ̀ mi. "Gbà, bá mi wo ibí yìí, ojú mi ò ríran mọ́, jàre Àgànyìn."

Mo ṣa ẹ̀wà náà. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí Bùnmi, ọmọ Mọ́mì, ti Amẹ́ríkà dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún mẹ́fà ni kò ti wálé. A gún iyán fún un, a se ẹ̀gúsí, a din ẹja. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jẹun bí ẹni tó ti oko ẹrú dé. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ti àwo sẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Bọ́gà ló ń wù mí jẹ. Cheeseburger."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Níbi tó ń gbé, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n á lọ ẹran, wọ́n á mọ ọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án lórí èédú, wọ́n á gbé wàrà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ṣíìsì lé e lórí títí á fi yọ́ bo ẹran, wọ́n á wá fi búrẹ́dì roboto há a láàárín. "Lọ́hùn-ún, bí mo bá ti ń yan bọ́gà, ó máa ń ṣe mí bíi pé ilé ni mo wà," ló wí. "Mo wá délé tán, bọ́gà ni mò ń wá." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó tún ní, "Níbi iṣẹ́ mi, wọn ò lè pe Bùnmi. Bì ni wọ́n ń pè mí. Bì lásán."

Mọ́mì lu tábìlì. "Ìwọ̀sí gbáà! Ọmọ tí mo fi omijé tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ṣé ẹnu wọn wúwo ni? Kí ló ń ṣe wọ́n tí wọn ò lè béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é? Èèyàn á wà lọ́dọ̀ yín lọ́dún mẹ́fà, ẹ ò ní mọ orúkọ ẹ̀? Àgànyìn, gbé omi tútù wá fún àǹtí rẹ."

Mo gbé omi tútù wá. Díẹ̀ dà sórí ṣọ́sà bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i.

Mọ́mì pinnu pé bọ́gà oníṣíìsì la máa fún àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbàdúrà fún Àǹtí Bùnmi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó tó padà. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí wọ́n rí Amẹ́ríkà lẹ́nu ara wọn. Ṣíìsì la ò rí. Nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Dùgbẹ̀, ẹyọ kan péré ló kù, ó ti gbẹ bí ọṣẹ àtijọ́. A dé Ring Road, wọn ò ní. Mọ́mì ní kò burú.

"Wàrà náà ni wàrà ń jẹ́. Àgànyìn, lọ sọ́jà Bódìjà, ra ti Fúlàní wá."

"Mọ́mì, wàrà yẹn kì í yọ́ o."

"Kí ni Àgànyìn mọ̀ nípa wàrà?"

Ìyá ìyá mi fi wàrà díndín tọ́ ọmọ méje. Mi ò sọ ọ́. Mo gbé agbọ̀n, mo jáde.

Ọ̀dọ̀ Hàwáù ni mo ti máa ń ra wàrà, obìnrin Fúlàní kan tó ń jókòó nítòsí ìsọ̀ ẹran. Òun nìkan ló béèrè orúkọ mi n'Ìbàdàn. Ó ní, "Tí mo bá rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ni kí n pè ọ́?" Mo sọ fún un, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fi ohùn Fúlàní tẹ̀ ẹ́ síbi tí kò yẹ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó kan ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà, Gàm̀bàrí ni wọ́n ń pè mí níbí. Èmi kì í ṣe Gàm̀bàrí."

"Ṣé o máa ń dá wọn lóhùn?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ ra wàrà, mo máa ń dáhùn. Tí wọn ò bá fẹ́ rà, etí mi á di."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ a dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé. Gáásì ti wọ́n nígboro nígbà náà, kẹrosíìnì ń sá fún wa, nítorí náà àdògán eléèédú ni mo gbé síta, mo fi irin tí a fi ń yan ẹja bò ó. Mọ́mì ti kọ́kọ́ rán mi lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata pé kó bá wa lọ ẹran. Ẹlẹ́rọ ní, "Ẹran? Nínú ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ń gbé ata wá sí? Àǹtí, ẹ máa lọ o." Ọ̀bẹ méjì ni mo fi gé e títí tó fi kúná. Mọ́mì fúnra rẹ̀ gba abẹ̀bẹ̀. Ó gbé wàrà funfun gbọ̀ǹgbọ̀n lé ẹran lórí, ó ń fẹ́ iná.

"Á yọ́ báyìí," ló wí.

Wàrà ò yọ́. Ó jókòó lórí ẹran bí olóyè. Mọ́mì fẹ́ iná sí i. Etí wàrà pọ́n, ó dúdú, ẹran abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Òógùn ń dà lára Mọ́mì. Àǹtí Bùnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyẹn ló wá bí ìyá rẹ̀ nínú, èmi ló sì kọjú ìbínú sí.

"Irú wàrà wo lo rà? Tí ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Àgànyìn, o ò gbé ilé yìí mọ́ o."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà."

Ó ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ṣe bó o ṣe fẹ́."

Ọjọ́ yẹn ti pẹ́ báyìí. Mo ní ibi tí mo ti ń ta oúnjẹ tèmi ládùúgbò Challenge n'Ìbàdàn, oníbàárà tuntun á sì máa bi mí pé kí ló dé tí wàrà inú bọ́gà mi kì í fà bí ti òyìnbó. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń fà kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn bá dé ìdálẹ̀, kó yọ́, kó bá ibẹ̀ pò pọ̀, kí wọ́n má lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Wàrà ń gba iyọ̀, ó ń gba ata, ó ń gba èéfín, gbogbo ohun tí o bá fi pa á lára ló máa wọ̀ ọ́, síbẹ̀ tó o bá gé e, wàrà náà lo máa bá. Mo kọ́ ọgbọ́n Ìbàdàn. Mo ti ń sọ "by four" báyìí. Mi ò torí ìyẹn di ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo gba ewé ọkà bàbà lọ́wọ́ Hàwáù, mo fi se wàrà títí ó fi pọ́n fòò, bí a ṣe ń ṣe é ní Kétu. Mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi iyọ̀, atalẹ̀ àti ata gígún pa á, mo jẹ́ kó sùn nínú rẹ̀. Mo lọ bá oníbúrẹ́dì kan ní Agbowó, ó mọ búrẹ́dì roboto kéékèèké fún mi, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ṣe é dáadáa. Nítorí pé wàrà ò ní yọ́ bomi rin ẹran, mo sun tòmátì àti àlùbọ́sà lórí èédú, mo gún un pẹ̀lú ata rodo kan, kí ó lè máa ṣàn níbi tó yẹ kí ṣíìsì ti ṣàn. Ẹran ni mo gé kẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀, mi ò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí mò ń mọ ọ́n.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta àwọn obìnrin ìjọ ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ti kọrin, wọ́n ti gbàdúrà. Mo tẹ́ wàrà sórí irin fúnra rẹ̀, ojú irin hàn lára rẹ̀, etí rẹ̀ gbẹ rúmúrúmú. Ọ̀rá ẹran ń kán sínú iná, èéfín gba ojú fèrèsé wọlé. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní inú ilé ń wí pé, "Kí ló ń ta sánsán tó báyìí?" Àǹtí Bùnmi yọ́ jáde wá, ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ. Ó di ojú.

"Èyí kì í ṣe cheeseburger o," ló wí pẹ̀lú ẹnu kíkún.

"Bọ́gà oníwàrà ni, Àǹtí."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó padà wọlé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ hó. Mo to mẹ́rìndínlógún sínú àwo ńlá.

"Àgànyìn!" Ohùn Mọ́mì ni, láti pálọ̀. "Ó yá, gbé e wá!"

Ẹnu mi ti là láti dáhùn. Mo pa á dé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí n lọ sí Dùgbẹ̀.

"Àgànyìn!"

Mo gbé àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, níbi tí ooru á ti máa kàn án, mo fa àpótí, mo jókòó. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti fi ẹ̀rín bò ó nítorí àlejò. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Bùnmi jáde.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mọ́mì ń pè ẹ́."

"Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Àgànyìn, Àǹtí. Mi ò rí i níbí."

Ó wò mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Níbi iṣẹ́ yín, tí wọ́n bá pè yín ní Bì, ṣé ẹ máa ń dáhùn?"

"Mo máa ń dáhùn."

"Èmi ò ní dáhùn mọ́."

Mọ́mì ló jáde tẹ̀lé e, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí ohùn má bàa dé pálọ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́? Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ilé! Ṣé o fẹ́ kí n lé ọ lọ lónìí yìí?"

Mo dìde, nítorí àgbà ni, mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbé ojú kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ lè lé mi lọ, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n orúkọ mi lẹ máa fi lé mi. Ẹ pè é, kí ẹ ní kí n máa lọ, màá lọ."

Mọ́mì la ẹnu. Ó wo Àǹtí Bùnmi bí ẹni tó ń wá olùrànlọ́wọ́, Àǹtí Bùnmi ń wo ilẹ̀. Ọdún méjì. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń wá a kiri, tó ń wá a, tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo ìbínú ojú rẹ̀ rọ̀. Ó fa gèlè rẹ̀ tọ́, ó tún fà á.

"Kí ni wọ́n sọ ọ́ nílé yín?" ló béèrè.

Mo sọ fún un.

"Ṣebí orúkọ tiwa nìyẹn," ló wí wẹ́lẹ́.

"Tiwa ni, mà."

Lẹ́yìn náà ló pè é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀ níbì kankan, ó ní jọ̀wọ́, kí n gbé oúnjẹ wọlé, àlejò ń dúró.

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní, "Mà?", kí ó lè tún un pè.